Táìlì Kan Tí Kò Mu Òróró

Ní ayé kan tó ti lọ, tí kò fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń ka ọdún, obìnrin kan wà ní abúlé orí òkè kan tí gbogbo ògiri ibẹ̀ funfun bí ẹyin. Casilda ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, èmi ni Casilda. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti aládùúgbò. Bí mo bá ń pe ara mi ní gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí, yóò há mi lọ́fun, ẹ kò sì ní gbọ́ òpin rẹ̀.

Ilé oníyàrá méjì ni Casilda ń gbé pẹ̀lú Leocadia, ìyá ọkọ rẹ̀. Aurelio ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ táìlì amọ̀ tó wà nílẹ̀ ilé náà, òun ló sun ún, òun náà ló tẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn. Kí amọ̀ tó gbẹ, ó máa ń fa ìka mẹ́ta gbọọrọ sí ẹ̀yìn táìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹfun tí a fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè rí ibi dì mú. Ojú ìka yẹn a dojú kọlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì rí i mọ́.

Lọ́dún kẹta ìgbéyàwó wọn, Aurelio kọjá òkun lọ sí ìlú Oran lọ sun bíríkì. Ọdún kan ló dá. Ọdún kan náà pé, lẹ́tà rẹ̀ sì dáwọ́ dúró bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ fìtílà pa. Ọdún kejì kọjá, ẹ̀kẹta sì tẹ̀ lé e.

Ní abúlé wa, ilẹ̀ ilé ni ẹnu ilé. Bí ilé bá pé, tàbí bí ó bá ń retí ẹni tó rìnrìn àjò, àwọn obìnrin a máa kun ilẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Wọn a po erùpẹ̀ pupa mọ́ òróró ọ̀gbọ̀, wọn a fi àkísà rà á mọ́ táìlì, wọn a wá fi ìda oyin dán an títí ènìyàn yóò fi rí òjìji ara rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ikú bá wọlé, wọn a fi omi eérú bó gbogbo rẹ̀ kúrò, wọn a jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣá, kó gbẹ bí ètè aláìsàn fún ọdún kan gbáko. Àlejò tó bá dé ẹnu ọ̀nà kì í béèrè bóyá òkú wà. Ilẹ̀ ni yóò wò.

Leocadia kọ̀, kò bó ilẹ̀ rẹ̀. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, orúnkún rẹ̀ méjèèjì a wà nílẹ̀, àkísà a wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì máa kun ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga Aurelio.

Brígida, aládùúgbò wọn, a dúró lẹ́nu ọ̀nà máa ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Aurelio, ilẹ̀ yín ti ń dán ju orí àlùfáà lọ. Ta lẹ ń retí gan-an, ọba ni àbí bíṣọ́ọ̀bù?"

"Ọmọ mi ni mò ń retí. Ìwọ náà lọ kun tìẹ. Láti ibí ni mo ti ń rí ìgbẹ́ ewúrẹ́ nílẹ̀ ilé ẹ."

"Ewúrẹ́ tèmi kúkú ń wálé nírọ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ láàárín wọn bí ìkòkò tó fọ́. Brígida fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Leocadia ń ra òróró lọ.

Casilda jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń sùn lẹ́bàá ìrọ̀rí tí kò sí orí lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan sì wà níbi tí wọ́n ti ń fún òróró ólífì, Gaspar, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, kì í sì í wo obìnrin bí ẹni ń wo ẹran ọjà. Bí Casilda bá gbé ìgò wá, ó máa ń rọ òróró fún un títí yóò fi dé ọrùn ìgò.

Ní ọjọ́ kan ó wí fún un pé, "Casilda, o mọ ohun tó wà lọ́kàn mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Má sọ ọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ kanlẹ̀kùn ilé tí ilẹ̀ ẹ̀ ń dán? Wọ́n á ní mo lọ ń fẹ́ ìyàwó oníyàwó. Jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn ṣá fún ọdún kan péré, màá mú àlùfáà wá."

"Ìyá ò ní gbà láéláé."

"Ìyá ò ní bá ẹ gbé ayé tìẹ."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ burúkú kì í pariwo wọlé. Èyí wọlé jẹ́jẹ́, ó jókòó, ó sì ń dúró de àyè.

Àyè náà yọ ní oṣù kẹta ọdún. Leocadia gun ìbaaka lọ sí abúlé kejì láti tọ́jú ọmọbìnrin rẹ̀ tó fẹ́ bímọ. Lórí ìbaaka ló ti yíjú padà. "Casilda, má jẹ̀ẹ́ kí Sátidé kọjá lórí ilẹ̀ yẹn o."

"Kò ní kọjá, Ìyá."

Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan tí ń gbé iyọ̀ kiri láti etíkun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń gba ọ̀nà abúlé wa.

"Ìwọ ni ìyàwó Aurelio onítáìlì? Atukọ̀ kan ní kí n fún ọ ní èyí."

Lẹ́tà ni. Casilda gbà á. "Ṣé ó wà láàyè?"

"Iyọ̀ ni mò ń tà, ìyàwó. Mi ò kì í ka lẹ́tà." Ó ta ìbaaka rẹ̀ ní pàṣán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìwọ̀nba ìwé tí Casilda mọ̀ tó láti kà á. Ọwọ́ àjèjì ló kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ohùn Aurelio ni. "Iná ààrò jó ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé, ó sì di ohun tí kò wúlò mọ́. Ẹlòmíràn ló ń bá mi kọ èyí. Ojú tì mí, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Bí ẹ bá ṣì ń kun ilẹ̀ dè mí, ẹ fèsì, màá wálé. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ Jòhánù Mímọ́ ní oṣù kẹfà, ọkọ̀ kan ń lọ sí òdìkejì òkun ńlá. Màá bá a lọ, mi ò sì ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Ìyá mi kò mọ̀wé. Ẹ fi àmì yìí hàn án, yóò mọ̀ pé èmi ni."

Nísàlẹ̀ ìwé náà ni ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ tó kù bọ amọ̀ pupa, ó fa ìka mẹ́ta gbọọrọ.

Casilda sọ lẹ́tà náà sínú iná. Kí iná tó ràn án, ó yọ ọ́. Ó tún sọ ọ́ síbẹ̀, ó tún yọ ọ́. Kò fẹ́ kí ọkùnrin náà kú. Ó kàn fẹ́ kó má wàá ni. Ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá sun ìka mẹ́ta yẹn, ibi tí Aurelio wà ni yóò ti jóná.

Ní Sátidé, dípò kó kun ilẹ̀, ó se eérú igi ólífì nínú ìkòkò ńlá. Ó sẹ́ ẹ, ó da omi rẹ̀ gbígbóná sórí táìlì, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì koríko àti yanrìn fọ̀ ọ́. Òróró ọdún mẹ́fà wú sókè bí ìfófòó ẹnu ẹṣin. Ó fi ọtí kíkan ṣan án, ó tún da omi eérú sí i. Omi pupa gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ òpópónà láàárín ògiri funfun méjì, gbogbo ayé sì rí i.

Brígida sáré jáde, ó dúró gbagidi. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí àti àyà. "Casilda. Ìròyìn dé?"

"Ó dé."

"Kí ló pa á?"

"Ibà ni. Oníyọ̀ ló sọ fún mi."

Brígida gbá a mọ́ra, ó ń sunkún. Casilda náà sunkún. Omijé náà kì í ṣe irọ́, ìyẹn ló sì burú jù nínú rẹ̀.

Níbo ni a óò wá fi lẹ́tà náà sí? Kò sí àpótí tàbí ìkòkò kan nínú ilé náà tí ọwọ́ Leocadia kì í dé. Ní igun ẹ̀bá fèrèsé, omi eérú ti mú kí ẹfun ìdí táìlì kan rọ̀. Casilda fi ọ̀bẹ ìgé-ẹ̀ka hú u sókè. Ojú táìlì náà sì ta ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi aṣọ tó ti mu ìda di lẹ́tà náà, ó tẹ́ ẹ sínú ihò, ó wá yí táìlì náà dojú dé kí ibi tó ta má bàa hàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá sókè, pẹ̀lú ìka mẹ́ta Aurelio. Ó fi òkúta ha á títí ó fi tẹ́jú, ó fi ẹfun dí ojú ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tẹ́ ẹní koríko tí wọ́n máa ń lò nígbà òtútù lé e lórí.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Leocadia dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí ó fi rí i. Kò ké. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló mú ìròyìn wá?"

"Oníyọ̀ ni, Ìyá."

"Kí ló pa á?"

"Ibà."

"Ṣé wọ́n sin ín?"

"Wọ́n sin ín."

"Ọ̀nà ibo ni wọ́n kọ orí ẹ̀ sí?"

Casilda kò tíì ro ìyẹn. "Ọ̀dọ̀ wa níbí," ó wí. "Ibí ni wọ́n kọ ọ́ sí, Ìyá."

Ìyá àgbà náà wo ilẹ̀ láti igun dé igun. Ó wá gbé ọwọ́ Casilda méjèèjì, tí omi eérú ti bó lára, ó fi wọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ìwọ nìkan lo bó gbogbo ilẹ̀ yìí. O ò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi bó ti ọmọ mi kúrò. Ọmọ mi, o ṣeun."

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti yàtọ̀. Bí ó bá di ọ̀sán Sátidé, tí gbogbo obìnrin abúlé ń kun ilẹ̀ tiwọn, Casilda a máa gbọ́ ìró àkísà lórí táìlì nínú yàrá tí kò sí ẹnìkan. Bí ó bá wọlé, ìró náà a dá. Ilẹ̀ tó ti ṣá náà a kàn máa wò ó, bí ojú tí kò ní ìpéǹpéjú.

Leocadia sì fi igun ẹ̀bá fèrèsé ṣe ibùjókòó. Lórí ẹní yẹn gan-an ni.

"Ẹ súnmọ́ ìdí iná, Ìyá. Ibẹ̀ yẹn tutù."

"Kò tutù. Gbogbo ilẹ̀ yòókù ló tutù. Mi ò mọ ohun tó wà níbí, àmọ́ ibí nìkan ni ẹsẹ̀ mi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Casilda ń ka ọjọ́. Oṣù kẹrin lọ. Oṣù karùn-ún lọ. Ó ní òun yóò sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ń sún un síwájú bí ẹni tí ń sún eérú kiri nínú ààrò, tí kò kó o dànù.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jòhánù Mímọ́, wọ́n dáná níta gbangba bí ìṣe wa, oníkálukú sì ń kó ohun àtijọ́ jù sí i. Leocadia dé pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ Aurelio, èyí tí amọ̀ ṣì gan mọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Casilda di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí ló dé?"

"Bàtà yìí ṣì dáa, Ìyá."

"Òkú kì í rìn, Casilda."

Ní ìhà kejì iná náà, Gaspar wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu Casilda ti là. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, bàtà náà sì jó. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ọkọ̀ kan ń ṣí kúrò ní Oran.

Oṣù kẹjọ gbé ooru tirẹ̀ dé. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ló ti kọ́kọ́ pọ́n, ó gba àárín yàrá, ó sì dúró ní ìdí àga Aurelio, bí ẹni tó wọlé tó sì jókòó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ilẹ̀ ti tún pọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Brígida wà níbẹ̀. Gaspar náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n èso ọ̀pọ̀tọ́, ó wá kí ìyá gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tó ní ohun kan láti bẹ̀bẹ̀ fún ní ọdún tí ń bọ̀.

"Ẹ wò ó," Leocadia wí. "Ó ń padà bọ̀."

"Òróró ni, Ìyá Aurelio," Brígida wí. "Ọdún mẹ́fà lẹ fi bọ́ ọ. Ooru ló ń fà á jáde."

"Mo mọ̀ pé òróró ni. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo fi sí i?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọrùn rẹ̀. "Ẹní yìí gbóná bí ààrò. Gbogbo ayé ti ká tiwọn láti oṣù kẹfà. Ẹ bá mi ká a."

"Ẹ jẹ́ kó wà, Ìyá," Casilda wí. "Ọ̀fọ̀ là ń ṣe."

"Ọ̀fọ̀ ò ní kí ènìyàn yan bí ẹja."

Ọmọlúàbí ni Gaspar. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ẹní náà.

Gbogbo táìlì tó wà níbẹ̀ pupa. Ọ̀kan péré ló funfun bí egungun láàárín wọn. Ilà mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀, ẹfun tó ti gbẹ tó sì là, gbọọrọ, bí ẹni pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tí ó ń fi ìka ha ilẹ̀ kó lè jáde.



Leocadia kúnlẹ̀. Ó fi ìka kan ilà àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta.

"Casilda."

"Ìyá."

"Táìlì yìí ò mu òróró mi rí. Ta ló yí i padà?"

Casilda fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ọmọ mi ò kì í kọ ojú ìka sókè. Gaspar, yá mi lọ́bẹ."

Ó hú u. Ó tú aṣọ ìda náà. Kò wo ìlà tí wọ́n kọ, nítorí ìlà kò wí nǹkan kan fún un. Ìsàlẹ̀ ìwé ló wò, ó sì gbé ìka mẹ́ta tirẹ̀ lé ìka mẹ́ta pupa náà.

"Ìwọ mọ̀wé," ó wí fún Gaspar. "Kà á."

Gaspar kà á sókè. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jòhánù Mímọ́, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀.

"Òní ńkọ́?" Leocadia béèrè.

"Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ni, Ìyá."

Ìyá àgbà náà wá gbé ojú sókè wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ojú náà. Ì bá sàn kó wà níbẹ̀.

"Bàtà ẹ̀," ó wí. "O jẹ́ kí n sun bàtà ẹ̀."

Gaspar fi èso rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Ní ẹnu ọ̀nà, kò wo ẹ̀yìn. "Ẹni tó lè sin alààyè," ó wí, "kí ló máa ṣe fún mi lọ́jọ́ tí mo bá dùbúlẹ̀ àìsàn?" Ó lọ. Brígida náà dìde, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Oran. Èsì dé ní ìgbà ìkórè ólífì. Ọkùnrin tí iná jó ọwọ́ rẹ̀ náà a máa wá sí etíkun lójoojúmọ́, a máa béèrè bóyá lẹ́tà wà, títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣí. Ó wọ ọkọ̀. Wọn kò mọ ìlú tó bọ́ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n hú táìlì, Casilda ti di ẹrù rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹ ò ní fẹ́ rí mi mọ́."

"Mi ò fẹ́ rí ẹ. Àmọ́ orúnkún mi ti gbó. Ọ̀la ni Sátidé. Lọ po erùpẹ̀ pupa."

Wọ́n kun ilẹ̀ náà, àwọn méjèèjì lórí orúnkún. Nígbà tí àkísà Casilda dé igun fèrèsé, Leocadia gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táìlì kan yẹn, èyí tó ti dá padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìka lókè.

"Kì í ṣe ìyẹn. Ìyẹn, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, láti Sátidé dé Sátidé. Ní ọjọ́ tí Leocadia ń kú lọ, ó ní kí wọ́n kọ orí òun sí ọ̀nà etíkun. Ó wá fa Casilda mọ́ra, ó ní, "Bí mo bá kú, wọ́n á ní kí o bó ilẹ̀ nítorí mi. Má bó o. Bí ó bá dé tó rí i pé ó ti ṣá, ó máa padà."

Casilda kò bó o. Abúlé sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, pé obìnrin yìí kò ṣọ̀fọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n sọ òótọ́. Kò ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀fọ̀ náà.

Orúnkún mi náà ti gbó báyìí. Sátidé ṣì ń dé, mo sì ń kun ilẹ̀. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, bí mo bá ká ẹní, ìka mẹ́ta yẹn a wà níbẹ̀ tí ń wò mí. Mo máa ń gbé tèmi lé e. Wọn kì í bára mu. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, mo sì ti gbàgbé bí ó ti tóbi tó, àfi bí mo bá fi kàn án. Nígbà náà, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà kí ọjọ́ tó kọjá lórí rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ilé yín má ṣá. Kí ọmọ yín tó rìn jìnnà bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kó bá ìyá lórí àga, kó sì bá bàtà rẹ̀ níbi tó bọ́ ọ sí. Kí ó má ṣe jẹ́ nínú ilé yín ni a ó ti rí ọwọ́ tí yóò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́.